Adúrótini Kì Í Ṣe Títà

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aṣọ Ilé-Ìwé,
                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kẹfà.

Abẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtọjọ́ pípẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Orúnkún rẹ ọ̀tún ńkọ́, èyí tó máa ń dún bí ìlẹ̀kùn tí a kò fi epo sí bí o bá ń gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó gbé bọ́tìnnì mì lọ́dún tó kọjá, ṣé ó ti jáwọ́ nínú ìwà yẹn? Mo kí bàbá wọn náà. Mo mọ̀ pé yóò ṣì máa gbé ohùn rédíò sókè bíi pé òun nìkan ló ní etí nínú ilé. Ní tèmi, mo wà láàyè, mo wà lálàáfíà, ẹnu mi sì tún mú ju bí o ṣe fi í sílẹ̀ lọ.

Kí n tó lọ jìnnà, òórùn epo ọkọ̀ tó ń jáde nínú àpòòwé yìí kì í ṣe àṣìṣe àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìfìwéránṣẹ́. Nǹkan kékeré kan ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo fi bébà wé e, mo fi ọ̀rá wé e, mo tún fi bébà wé e, síbẹ̀ kò gbọ́. Má tíì tú u o. Ka lẹ́tà yìí tán ná, má sì jókòó ti sítóòfù kà á.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. N kò tètè dá ọ lóhùn nítorí pé inú ń bí mi. Ìbínú náà ti rọlẹ̀ báyìí, ó ku nǹkan bí ẹ̀kún ṣíbí kan, ẹ̀kún ṣíbí kan yẹn ni mo fẹ́ kọ sínú lẹ́tà yìí. O ní kí n gbé ọkọ̀ mi fún ọmọ mi kó bá mi tà á. O ní àwa náà ti dàgbà, pé ohun tí àwọn ọmọ ń rí, àwa ò rí i mọ́. O wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ ìwé, bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé, pé o ti gbà kí àwọn ọmọ rẹ wá gbé máṣíìnì rẹ lọ ní ìparí oṣù yìí nítorí pé ojú rẹ kì í rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní ṣé Abẹ́rẹ́ ló kọ èyí, àbí ẹnì kan ló yá ọwọ́ rẹ̀ lò? Abẹ́rẹ́ tó wo Màdáámú wa lójú nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́, tó sọ fún un níwájú oníbàárà pé apá ọ̀tún aṣọ tó gé gùn ju tòsì lọ!

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún ọ, lẹ́yìn náà kí o wá sọ bóyá o ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ.

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí iná kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú Adúrótini. O mọ Adúrótini, ọkọ̀ tí olóògbé ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi, tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù nígbà tí a rà á, tí n kò mọ orúkọ tí à bá pe àwọ̀ tó ní báyìí. Ọdún kẹtàlélógún rẹ̀ nìyí lójú títì. Òun ni mo fi ń kó aṣọ lọ sí ilé-ìwé mẹ́fà. Òun ni mo fi ń lọ ra ìgàn aṣọ àti òwú. Bí kò bá sí i, kò sí ṣọ́ọ̀bù, nítorí kò sí ọ̀gá ilé-ìwé tó máa wá fi orí ru igba ṣòkòtò penpe lọ́wọ́ mi. Kò sì sí ohun tó gbó lára rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ mi ò tíì kàn. Mo rán aṣọ ìjókòó rẹ̀, mo rán aṣọ òrùlé rẹ̀ nígbà tó ń wọ́ sí mi lórí, mo rán àpò téèpù sẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, mo rán tibi ìdérí epo, mo tún rán kọ́tìnnì sí fèrèsé ẹ̀yìn nítorí oòrùn. Tí wọ́n bá ní kí àwọn ọkọ̀ tò kí wọ́n wo èyí tó múra jù, Adúrótini ló máa gba ipò kìíní.

Iná tí mo ń wí yìí kéré, ó pupa rúsúrúsú, wọ́n ya àwòrán ẹ́ńjìnnì sójú rẹ̀. Á tàn fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, á kú fún ọ̀sẹ̀ kan, á tún tàn. Ọkọ̀ náà ò kọṣẹ́, kò pariwo, kò rú èéfín, kò mu epo jù. Iná yẹn nìkan ni. Bí mo ṣe ń wò ó, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń wò mí.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àdúgbò wa, ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dókítà nítorí pé ó máa ń gbé etí lé ẹ́ńjìnnì kó tó sọ̀rọ̀. Èèyàn dáadáa ni, n kò ní pa irọ́ mọ́ ọn. Ó ki okùn kọ̀ǹpútà ọwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ sítíárìn, kọ̀ǹpútà ní ooru epo ń jò díẹ̀ níbì kan láàárín táǹkì àti ẹ́ńjìnnì. Ó pààrọ̀ àwọn rọ́bà tó gba ibẹ̀ kọjá. Ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ pa iná náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, iná tún yọjú. Ó pààrọ̀ nǹkan kékeré kan tó máa ń ṣí tó máa ń tì, ó tún pa á, ó tún yọjú. Nígbà kẹta, Dókítà nu ọwọ́, ó jókòó sórí táyà kan.

Ó ní, “Màmá, táǹkì yìí ló ti dógùn-ún. Ibì kan ti lu lókè ibẹ̀ tí ojú ò rí. Táǹkì irú ọkọ̀ yìí ò sì sí níbì kankan mọ́. Ẹ tà á nígbà tó ṣì ń rìn.”

Gbogbo èyí ì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín èmi àti ọkọ̀ mi, àmọ́ wọ́n ti fi àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún sí ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí. Ọkọ̀ tí iná yẹn bá ń tàn lójú rẹ̀ kò ní yege, èyí tí kò bá sì yege kò gbọdọ̀ jáde sójú títì. Ọmọ mi gbọ́. O mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣírò gbogbo ọ̀nà tí nǹkan lè gbà bàjẹ́, ó sì ń gbé iṣẹ́ náà wá sílé. Ó wá bá mi ní ọjọ́ Àìkú kan, ó jókòó, ó ka ètò rẹ̀ fún mi: a ó ta Adúrótini, a ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, n ó kó wá sí yàrá ẹ̀yìn ní ilé òun. Ó ti kun yàrá náà. Mo mọ yàrá ọ̀hún. Yàrá tó dára ni, ó ní fèrèsé, fèrèsé náà kọjú sí ògiri.

Abẹ́rẹ́, ẹ̀rù bà mí. Mo lè sọ èyí fún ọ, n kò lè sọ ọ́ fún un. Kì í ṣe pé ọmọ mi ò fẹ́ràn mi, ìfẹ́ náà pọ̀ jù ni. Ó fẹ́ tọ́jú mi bí ìgbà tí wọ́n bá ká aṣọ tó dára, tí wọ́n fi kámfọ̀ sí i, tí wọ́n wá gbé e sísàlẹ̀ àpótí. N kò tíì ṣe tán láti wọ àpótí. Mo yarí kanlẹ̀. Mo ní n kò tà á, n kò ti ṣọ́ọ̀bù, n kò lọ síbì kankan, àfi tí iná náà bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé mo ti gbà.

Kí ni mo mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì? N kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tí Dókítà sọ kò wọlé sí mi létí. Bí táǹkì bá ti lu, kí ló dé tí iná náà ń kú fúnra rẹ̀? Ihò kì í la lọ́jọ́ Ajé kó tún pa dé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo bi Dókítà. Ó ní iná ọkọ̀ àtijọ́ máa ń ṣe ṣégeṣège ni. Mo sọ fún un pé èmi náà ti di àtijọ́, n kì í sì ṣe ṣégeṣège.

O rántí ohun tí Màdáámú máa ń sọ bí aṣọ bá padà wá pẹ̀lú ẹjọ́? Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú àlùmọ́gàjí. Á ní ká kọ́kọ́ mú ìwé: ta ló wọ̀ ọ́, ìgbà wo ló wọ̀ ọ́, ìgbà wo ló fọ̀ ọ́, ibo ló ti ń fún un, ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ní aṣọ kì í purọ́, oníbàárà ló máa ń gbàgbé. Mo mú ìwé ìwọ̀n tuntun kan, mo kọ “Adúrótini” sí iwájú rẹ̀ bí ìgbà tí mo bá gba oníbàárà. Ojú ewé òsì, mo ń kọ bóyá iná tàn láàárọ̀ tàbí kò tàn. Ojú ewé ọ̀tún, gbogbo ohun tí mo bá ṣe lọ́jọ́ náà: ẹrù tí mo kó, ọ̀nà tí mo gbà, epo tí mo rà, bóyá oòrùn mú, bóyá òjò rọ̀, ẹni tó bá mi jókòó. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sí i lọ́jọ́ kan pé mo bú ọkọ̀ náà, bóyá ó bínú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo fi kọ ọ́. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́, ìwé náà ò sọ nǹkan kan fún mi. Ọjọ́ tí mo ru ẹrù, iná tàn. Ọjọ́ tí n kò ru ẹrù, iná tàn. Ọ̀nà tó dán, ọ̀nà tó ń gbọ̀n, ìkan náà ni. Mo ti fẹ́ sọ ìwé náà nù. Lọ́jọ́ kan tí mo ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ìyá ọmọléèwé kan gbé síkẹ́ẹ̀tì wá, ó ní ó ti fún ọmọ òun láti àná. Mo bi í pé ìgbà wo ló fọ̀ ọ́. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo dúró síbẹ̀, téèpù lọ́rùn, ẹnu mi là sílẹ̀. Ọjọ́ tí aṣọ fún kọ́ ni ọjọ́ tí nǹkan ṣe é! Ọjọ́ tí iná kú ni mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí, n kò wo ẹ̀yìn.

Mo fi ìyá náà sílẹ̀ níbẹ̀, mo sáré lọ mú ìwé Adúrótini. Mo ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ibi gbogbo tí iná ti kú. Ọjọ́ kẹta tàbí ọjọ́ kẹrin ṣáájú, òjò. Èyí tó tẹ̀ lé e, òjò. Òmíràn, òjò. Bí ọ̀dá bá sì ti gùn tó ọ̀sẹ̀ kan, iná á padà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni iná kú tí òjò ò rọ̀ rárá. Mo wo ojú ewé ọ̀tún: mo fọ ọkọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìkíní, mo tún fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìkejì. Kì í ṣe òjò nìyẹn. Omi ni.

Mo gbé ìwé náà lọ bá Dókítà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kì í mu omi kó wá gbádùn. Ṣùgbọ́n ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo dárúkọ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin. Ó ní òun gbà pé kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kì í pa iná ní kíá. Láàárọ̀, tí ọkọ̀ bá ti sùn mọ́jú, ló máa ń dán ibi tí ooru epo ń gbà wò, ó sì gbọ́dọ̀ rí i pé ibẹ̀ dáa fún àárọ̀ mẹ́ta kó tó gbà pé ara ti yá. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Màmá, nǹkan kan ń jò níbẹ̀ nígbà tó bá gbẹ. Omi ń dí i.”

Mo padà sílé. Mo bu omi sínú kẹ́tùrù, mo ń yí ọkọ̀ náà ká, mo ń da omi díẹ̀díẹ̀ sí i lára, mo ń wo ibi tó ń gbà wọlé. Àwọn aládùúgbò rò pé mo ti ń bomi rin ọkọ̀. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ní ẹ̀yìn, níbi ìlẹ̀kùn kékeré tó bo ojú táǹkì, mo rí i pé omi ń ṣàn wọlé, nítorí ìlẹ̀kùn náà ti tẹ̀. Mo ṣí i. Mo yọ ìdérí epo. Abẹ́rẹ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi tí mo dà.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì kí iná yẹn tó kọ́kọ́ tàn, rọ́bà róbótó abẹ́ ìdérí náà já lulẹ̀ nílé epo, ó fọ́ wẹ́wẹ́. Obìnrin tó ń ta epo ní kí n lọ ra ìdérí tuntun. Èmi! Kí n lọ ra ohun tí mo lè rán! Mo kó èérún rọ́bà náà wálé, mo wọ̀n ọ́n, mo gé òrùka méjì nínú aṣọ kóòtù ilé-ìwé, èyí tó nípọn tí wọ́n fi irun àgùntàn hun. Mo so méjèèjì pọ̀, mo sì fi ìrán ojú bọ́tìnnì rán etí rẹ̀ yípo, èyí tí ìwọ fọwọ́ ara rẹ kọ́ mi lábẹ́ àtùpà nílé Màdáámú. Ó bá ojú ibẹ̀ mu rẹ́gí. Mo yangàn. Mo fi han gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà mo gbàgbé rẹ̀, bí a ṣe máa ń gbàgbé iṣẹ́ tó ti bọ́ sí i.

O mọ ohun tí aṣọ irun àgùntàn máa ń ṣe, kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ọ́ fún ọ. Bí omi bá kàn án, á wú, á dí ojú ibẹ̀ pinpin. Bí oòrùn bá pa á, á súnkì, ooru epo á máa rí ọ̀nà jáde. Iná ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi rán an.

Ojú tì mí. Ọjọ́ kan gbáko ni n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá Dókítà, mo gbé òrùka náà lé e lọ́wọ́. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní òun náà ṣí ìdérí yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun rò pé bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé-iṣẹ́ nìyẹn, nítorí ìrán náà dára jù. Ó bá mi wá ìdérí tuntun tó ní rọ́bà gidi, ó fi dè é. Ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé kí òun bá mi pa iná náà, nítorí àyẹ̀wò ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo gbá a lọ́wọ́. Mo ní, “Má pa á. Gbogbo èyí tí o pa ló jíǹde. Jẹ́ kó kú fúnra rẹ̀.” Ó ní bí kò bá kú kí ọjọ́ náà tó pé ńkọ́? Mo ní mo ti gbọ́.

Àárọ̀ àkọ́kọ́, iná wà níbẹ̀. Àárọ̀ kejì, ó wà níbẹ̀. Àárọ̀ kẹta, tó jẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún, ó tún wà níbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọmọ mi dé pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń ra ọkọ̀ àlòkù. Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ta táyà Adúrótini kó tó kí mi.

Ọmọ mi na ọwọ́. Ó ní, “Màmá, ẹ má jẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ ò kúkú lè gbé e dé ibi àyẹ̀wò lọ́la pẹ̀lú iná yẹn.”

Mo lè sọ fún un pé ìdérí epo ló bàjẹ́, pé Dókítà ti pààrọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni ì bá jẹ́. Dókítà ti búra pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìyókù lẹ́nu òun. Ṣùgbọ́n mo wo ọmọ mi, mo ní bí mo bá fi èyí pa mọ́, á jẹ́ pé èmi náà ti gbà pé arúgbó tó ṣe àṣìṣe ti tán nìyẹn. Mo yọ òrùka aṣọ náà nínú àpò, mo gbé e lé ọwọ́ tó nà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin, níwájú àlejò rẹ̀.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Ẹ wá rí i báyìí! Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an nìyí. Aṣọ lẹ fi dí ojú táǹkì epo, Màmá! Ká ní iná ṣẹ́ sí i ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí pé ó rí bẹ́ẹ̀. N kò jà á níyàn. Mo ní, “Àṣìṣe ni, àṣìṣe burúkú sì ni, n kò ní ṣe é mọ́ láyé mi. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Dókítà fi kọ̀ǹpútà wá a, kò rí i. Ìwọ fi ìwé gíga rẹ ṣírò rẹ̀, ibi tí o ṣírò rẹ̀ dé ni yàrá ẹ̀yìn. Ta ló wá a rí? Èmi tí mo dá a sílẹ̀ yìí náà ni. Ọjọ́ tí mo bá dá nǹkan sílẹ̀ tí n kò lè wá a rí mọ́, wá gba kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ náà kọ́ ni òní.”

Ọkùnrin àlòkù ní kí àwọn máa lọ, òun ní ibòmíràn láti dé. Ọmọ mi gbé òrùka náà sórí tábìlì mi, ó ní òun á pè mí lọ́la.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún, mo wọ aṣọ tó dára, mo jókòó sẹ́yìn sítíárìn, mo yí kọ́kọ́rọ́. O mọ̀ pé gbogbo iná ló máa ń tàn ná. Ti bátìrì kú, ti bíréèkì kú, ti epo kú. Mo ń wo ìkan tó kù. Mo ń kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Ó kú. Mo pa ọkọ̀, mo tún tan án. Ó tún kú. Mo pariwo débi pé aládùúgbò mi gbé ìgbálẹ̀ jáde, ó rò pé eku ni.

Níbi àyẹ̀wò, ọmọbìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ ló dá mi lóhùn. Ó ki okùn bọ abẹ́ sítíárìn, kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní kò sí ẹjọ́. Ó wo bíréèkì, ó wo iná, ó wo táyà. Ó ní, “Ẹ ṣeun Mà, ó yege. Ọkọ̀ yìí mà dàgbà jù mí lọ o.” Mo ní kó kúnlẹ̀ kí i nígbà náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé mi.

Ọmọ mi pè ní ọ̀sán. Mo sọ fún un pé a yege. Ó ní, “Màmá, ṣé ẹ lè bá wa gbé àwọn ọmọ nílé-ìwé ní Ọjọ́bọ̀? Ọkọ̀ tèmi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.” Mo ní kó kọ lẹ́tà sí mi, n ó wo ìwé ètò mi. Mo sì lọ gbé wọn. Kò tíì dárúkọ yàrá ẹ̀yìn láti ọjọ́ náà.

Ó yá, tú bébà yẹn wàyí. Òrùka náà nìyẹn. Má jẹ́ kí òórùn lé ọ, gbé e sún mọ́ ojú rẹ kí o wo ìrán etí rẹ̀. Kà á. Ojú ìrán mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, kò sí ọ̀kan tó wọ́, kò sí ọ̀kan tó fò. Epo ló borí rẹ̀, ọwọ́ wa kọ́. Ìwọ lo kọ́ mi ní ìrán yẹn, o sì fẹ́ jókòó kí wọ́n gbé máṣíìnì rẹ jáde lójú rẹ.

O ní lọ́jọ́ mìíràn ojú rẹ kì í rí ojú abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn! Àwọn ọjọ́ yòókù ńkọ́? Mú ìwé. Kọ ọjọ́ tó ríran àti ọjọ́ tí kò ríran, kọ ibi tí o jókòó, kọ iná tó wà lókè orí rẹ, kọ oògùn tí o lò àti bí o ṣe sùn, gbé ìwé náà lọ fún dókítà ojú, kí o sì máa wo ẹ̀yìn. Ó lè jẹ́ pé ojú náà ló rẹ̀ lóòótọ́. Kó jẹ́ pé ìwọ lo máa kọ́kọ́ mọ̀, kì í ṣe àwọn ọmọ.

Bá mi kí àwọn ọmọ rẹ gan-an. Sọ fún wọn pé mo fẹ́ràn wọn. Sọ fún wọn pẹ̀lú pé mo ń bọ̀ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù yìí, láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó dé. Adúrótini ni n ó wà wá. Ẹnu ọ̀nà yín gan-an ni n ó gbé e sí, n ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ dí géètì, n ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ sínú àpò mi. Ká wá wo ibi tí wọ́n máa gbé máṣíìnì gbà.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ṣeé ká,

Àlùmọ́gàjí.